Sálúbàtà Àlejò Nílé Màmá Parashkeva

Bàtà náà wà lórí àpáta, wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, imú rẹ̀ kọjú sí òkun. Bàtà aláwọ dúdú ni, irú èyí tí àwọn àgbà obìnrin àdúgbò Galata máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbì ń bọ̀, ó ń fọ ìsàlẹ̀ àpáta, ó ń padà sẹ́yìn. Ìnsípẹ́kítọ̀ Vihra Karadzhova ti lóṣòó síwájú bàtà náà láti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń pa kóró òdòdó oòrùn jẹ, ó ń tu èèpo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kò sì tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ó ti kú," ni Dimo wí lẹ́yìn rẹ̀. Dimo ni apẹja tó rí bàtà náà ní ìdájí. Arúgbó kúkúrú kan ni, bàtà rọ́bà tó wọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé itan rẹ̀. "Parashkeva ti kó sómi. Háà! Irú obìnrin yẹn!"

"Ta ló sọ fún yín pé ó ti kú?"

"Ṣé bàtà ló wá lúwẹ̀ẹ́ ni?"

Vihra kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ báírò kan lápò, ó fi gbé bàtà kan sókè, ó wo ìdí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Òjò rọ̀ láti Sátidé títí di alẹ́ àná," ló wí. "Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti ilé Màmá wá síbí, amọ̀ pupa ni látòkè délẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Ẹ wo ẹsẹ̀ tiyín. Ẹ wá wo ìdí bàtà yìí."

Dimo na ọrùn. Ìdí bàtà náà mọ́ tónítóní, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò lórí ẹní.

"Bàtà yìí ò rìn wá síbí," ni Vihra wí, ó dìde. "Ẹnì kan ló gbé e wá."

*

Ilé náà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sókè. Bí bọ́ọ̀sì bá ti kọjá afárá kúrò ní ìgboro Varna, ariwo ìlú tán nìyẹn. Ẹyẹ òkun àti ajá nìkan ló kù tó ń fèsì fún ara wọn. Nítorí ìdákẹ́jẹ́ yìí ni Nevena Shopova ṣe wá gba ilé síbẹ̀ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Raya, ọmọ ọdún márùn-ún. Màmá Parashkeva, opó ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan, ló nilé. Òun ń gbé ìsàlẹ̀, ayálégbé ń gbé òkè. Láti ọ̀sán Sátidé ni ẹnikẹ́ni kò ti fojú kan Màmá mọ́. Nevena fúnra rẹ̀ ló sáré lọ fi tó ọlọ́pàá létí láàárọ̀ Sọ́ńdè. Mọ́ńdè nìyí, orí Nevena yìí kan náà ni wọ́n sì ń di gbogbo ẹrù ọ̀rọ̀ náà lé.

"Vihra, kí lo tún ń dúró dè?" Peychev ọ̀gá rẹ̀ ló ń pariwo nínú fóònù. "Kọ́kọ́rọ́ arúgbó yẹn wà nínú báàgì ayálégbé yẹn. Ìborí rẹ̀, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, wà nínú dírọ́ọ̀mù ìdọ̀tí wọn. Éjẹ́ǹtì ilé yẹn ti mú ìwé kúìtì tí arúgbó ní kó kọ fún un ní Fúráìdè wá fún mi. Wọ́n fẹ́ lé e, inú bí i, ó pa á. Kí ló tún ṣòro níbẹ̀?"

"Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ọ̀gá. A ò tíì mọ ìka tó ṣẹ̀."

"Má pòwe fún mi! Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìwé àṣẹ á jáde, a ó mú un. Mo ti pe bàbá ọmọ rẹ̀ ní Shumen. Ó ń bọ̀ wá gbé e."

Peychev gé fóònù. Nígbà tí Vihra yíjú, Nevena ló rí lórí àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohùn Peychev kì í ṣe ohùn tí fóònù lè pa mọ́.

"Màdáàmù, ẹ mú mi, kò burú," ni Nevena wí. "Ẹ tì mí mọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Stamen bàbá Raya gbé ọmọ yẹn lọ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá kan wà níbẹ̀, ó mú bí imú áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ. "Ọbẹ̀ tutù, òun ló fà á. Ọbẹ̀ lásán. Raya ń wò wá lọ́jọ́ náà."

Inú Vihra bàjẹ́, ó sì bí i pẹ̀lú. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀: mọ́kànlá kù díẹ̀. Àánú nìkan kò lè tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

"Jókòó. Dá mi lóhùn kíá kíá, má sì fi ohunkóhun pa mọ́. Kí ni kọ́kọ́rọ́ Màmá ń wá nínú báàgì rẹ?"

"Òun ló fún mi lọ́jọ́ tí mo kó dé. Ó ní bóun bá ṣubú, kí n lè rí ọ̀nà wọlé."

"Ìborí ẹlẹ́jẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. Etí títì ni dírọ́ọ̀mù yẹn wà. Ẹni tó bá ń kọjá lè ju nǹkan sí i."

"Sátidé, níbo lo wà?"

"Ilé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, láti aago méjìlá títí di mẹ́jọ alẹ́. Raya wà lọ́dọ̀ aládùúgbò wa. Nígbà tí mo dé, iná Màmá ò tàn. Mo rò pé ó ti sùn ni." Ó nu ojú. "Tí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti kan ilẹ̀kùn. Kí ló dé tí mi ò kan ilẹ̀kùn?"

"Wọ́n fún ẹ ní kúìtì ní Fúráìdè, àbí wọn ò fún ẹ?"

"Kúìtì wo?" Nevena gbójú sókè. "Ta ló fún mi ní kúìtì? Àárọ̀ Sátidé gan-an ni Màmá ní kí n múra, pé tó bá di Mọ́ńdè a jọ máa lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Ó fẹ́ ṣe ìwé ilé ọdún márùn-ún fún mi. Ó ní tí lọ́yà bá ti fi í sínú ìwé ìjọba, bí ilé tiẹ̀ di ti ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó lè lé èmi àti Raya kó tó pé."

"Mọ́ńdè òní?"

"Òní yìí, Màdáàmù. Aago mẹ́wàá ni wọ́n fún wa."

Vihra tún wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́wàá ti kọjá. "Ta ló tún mọ̀ nípa ìwé yìí?"

"Èmi ò sọ fún ẹnì kan. Màmá ló ní òun á pe Krasen, éjẹ́ǹtì tó bá mi wá ilé, kó má lọ gba ẹ̀yìn gbọ́ ọ."

*

Lẹ́nu ọ̀nà Màmá, Vihra bọ́ bàtà rẹ̀ láìronú, bí gbogbo ọmọlúàbí ti ń ṣe. Nevena bọ́ tirẹ̀. Àpò aṣọ gígùn kan rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyá àgbà náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an, ó ní ojú àpò mẹ́fà, sálúbàtà àlejò kọ̀ọ̀kan sì ní ojú tirẹ̀. Ti ọkùnrin wà lókè pátápátá, ti ọmọdé wà nísàlẹ̀.

"Ó máa ń bá mi jà lórí àpò yẹn," ni Nevena wí. "Tí n bá fi bàtà sí ojú tí kì í ṣe tirẹ̀, á ní kí n yọ ọ́. Ó ní ilé ọ̀gá ọkọ̀ nìyí, gbogbo nǹkan ló ní àyè."

"Kí wá nìyí?"

Vihra fi báírò tọ́ka. Sálúbàtà ọkùnrin, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, gbàǹgbà, ni wọ́n rọ́ wọ ojú àpò ìsàlẹ̀, tó yẹ kó jẹ́ ti ọmọdé. Ojú àpò tòkè ṣófo.

"Màmá ò lè ṣe ìyẹn láé," ni Nevena wí jẹ́jẹ́.

"Ọkùnrin kan wọlé. Màmá fún un ní sálúbàtà, torí náà kì í ṣe olè, àlejò tó bọ̀wọ̀ fún ni. Nígbà tí onítọ̀hún ń lọ, òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ ọ tó fi í pamọ́, kò sì mọ àyè rẹ̀. Kí ló dé tí onílé ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?" Vihra kò dúró gba èsì. "Sálúbàtà Màmá fúnra rẹ̀ dà?"

Wọ́n wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wá a ní kíṣìnì, wọ́n wá a ní balùwẹ̀. Sálúbàtà búlúù onírun, èyí tí Màmá máa ń wọ̀ nínú ilé, kò sí níbì kankan.

"Bàtà òde rẹ̀ mélòó?"

"Ẹyọ kan péré, dúdú yẹn. Ẹnu ọ̀nà níbí ló máa ń wà."

"Ó dáa. Gbọ́ mi dáadáa. Bí bàtà òde bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ni ín wà nínú ilé. Bàtà òde ni ẹnì kan gbé lọ sétí òkun. Sálúbàtà inú ilé ni a ò rí. Níbo ló máa wà?"

Nevena gbé ọwọ́ lé àyà. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà."

"Ṣé Màmá lè wọ sálúbàtà inú ilé jáde sínú amọ̀?"

"Láéláé! Bí ilé bá tiẹ̀ ń jó, á kọ́kọ́ pààrọ̀ bàtà ni."

Ibẹ̀ ni ìrònú Vihra dúró. Bí Màmá kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, a jẹ́ pé wọ́n gbé e jáde, tàbí kó ṣì wà nínú ilé. Ta ló sì lè gbé e jáde? Ìyá àgbà náà tóbi, ó sanra dáadáa, àdúgbò yìí sì parọ́rọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ àjèjì kan bá dúró ìṣẹ́jú méjì, òun ni wọn yóò máa sọ nídìí oúnjẹ alẹ́. Ọlọ́pàá sì ti tú ilé: yàrá, kọ́bọ́ọ̀dù, òkè àjà, yàrá abẹ́ ilé tó kún fún ìgò èso àti ata tí wọ́n fi pamọ́ de ìgbà òtútù. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ láàárọ̀, ó rìn ín já: ìṣísẹ̀ ńlá márùn-ún, ó kan ògiri.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ. Ó padà sórí ọ̀rọ̀ sálúbàtà.

Ọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Stamen, ọkọ Nevena àtijọ́, ni ó wu Vihra jù kó jẹ́ òun, ó sì mọ̀ pé kò yẹ kó wu òun. Ó tẹ fóònù sí Shumen. Ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Stamen wà ní Sátidé látàárọ̀ dalẹ́, èèyàn mẹ́fà ló rí i. Vihra yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

*

"Ẹ bọ́ bàtà rọ́bà yẹn," ló sọ fún Dimo.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ọwọ́ yín kún fún ojú ọgbẹ́. Gbogbo Galata ló sì mọ̀ pé ẹ̀yin àti Parashkeva ò tíì kí ara yín fún ọdún mẹ́ta, nítorí igi ọ̀pọ̀tọ́ tó wà láàárín ọgbà yín. Ẹ bọ́ ọ."

Dimo bọ́ ọ, ó ń kùn. Ó ti ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà pupa náà, èyí tí Vihra fi aṣọ funfun tẹ́ nínú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sọnù sínú rẹ̀ bí ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀.

"Ìwọ̀ ìpẹja ló fà mí lọ́wọ́ ya," ló wí. "Ọ̀rọ̀ igi ọ̀pọ̀tọ́ sì kọ́." Ó wolẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n. "Abẹ́ igi yẹn ni mo ti ní kó fẹ́ mi. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ojú tì mí, mo bá ní ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀ ń bàjẹ́ sínú ọgbà mi. Kí ni kí n tún wí? Kí n sọ fún àdúgbò pé opó kọ̀ mí?" Arúgbó náà bú sẹ́kún. "Kó ṣáà wá rẹ́rìn-ín mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò ní bínú."

Vihra jẹ́ kó sunkún tán. "Sátidé, kí lẹ gbọ́?"

"Mò ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ tí géètì rẹ̀ dún ní nǹkan bí aago méjì. Mi ò wò ó. Ṣebí a kì í kí ara wa."

*

Krasen Bozhilov, éjẹ́ǹtì tí Vihra ránṣẹ́ pè, dé ní aago mẹ́ta kọjá. Ọkùnrin gíga ni, ó ń ta sánsán, bàtà rẹ̀ ń dán. Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni Vihra ti ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi.

"Màdáàmù, ó dùn mí wọra," ló wí. "Bí ìyá ni Màmá jẹ́ sí mi. Èmi ni mo bá a wá ayálégbé yẹn, mo wá ń dá ara mi lẹ́bi. Èèyàn ò mọ inú èèyàn."

"Òótọ́ ni, èèyàn ò mọ̀ ọ́n. Ta ló ní kí o kọ ìwé kúìtì?"

"Màmá fúnra rẹ̀. Ó ní ọmọ yẹn ń pariwo, kò lè sùn."

"Etí Màmá tí gbogbo Galata mọ̀ pé ó ti wúwo díẹ̀ yẹn?"

Krasen rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe rí."

"Ìgbà wo lo wá síbí kẹ́yìn?"

"Á ti tó oṣù kan. Ọ́fíìsì mi la ti máa ń ríra."

"Oṣù kan. O ò wọlé rẹ̀ ní Sátidé?"

"Sátidé kẹ̀? Èmi? Ìgboro ni mo wà."

Irọ́ ni, ó sì dá Vihra lójú. Ṣùgbọ́n ìdánilójú ò ṣeé gbé síwájú Peychev. Ẹgbẹ̀rún ọkùnrin ló ní ẹsẹ̀ ńlá ní Varna. Nevena jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ti di aṣọ Raya sínú báàgì kékeré kan, ó tún tú u, ó tún dì í. Aago ti di mẹ́ta àbọ̀. Vihra wò ó, ó wá sọ fún Dimo pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Abẹ́ àtíbàbà àjàrà nínú ọgbà Dimo ni wọ́n jókòó sí, Dimo, Krasen àti Vihra. Dimo gé tòmátì, ó rẹ́ wàràkàṣì funfun lé e, ó bu ọtí rakía sínú ife kéékèèké mẹ́ta. Kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án tí fóònù Vihra fi dún. Ó dìde, ó rìn jìnnà díẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ní, "Kí lẹ wí? Ó dá yín lójú?" Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Wọ́n ti rí i!" ló ké. "Parashkeva wà ní Dobrich lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀! Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó gbé e ló dá a mọ̀. Ara rẹ̀ le, ó ń jẹun!"

"Yéè!" Dimo fò sókè, àga rẹ̀ ṣubú. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Ó na ife rẹ̀ sáàárín tábìlì. "Ẹ gbé e! Ẹ gbé e ká mu ún! Kí Parashkeva pẹ́ fún wa!"

Nílẹ̀ yìí, bí èèyàn bá ń mutí fún alààyè, ife á kan ife, ojú á kan ojú. Fún òkú nìkan ni ife kì í kan ara wọn, tí à ń kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀ kó tó kan ẹnu. Kò sẹ́ni tó ń ronú sí i. Láti orí ẹsẹ̀ ìyá ni kálukú ti ń wò ó lẹ́nu ibojì àti nídìí oúnjẹ òkú.

"Ọpẹ́ ni," ni Krasen wí, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Ọpẹ́ ni o." Ó gbé ife. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ọtí kán tó, tó, tó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó sì gbé ìyókù sẹ́nu.

Ife Dimo ṣì wà lókè, ó ń dúró de ife tí kò wá. Ó wo ilẹ̀ tó tutù. Ó wo ojú Krasen.

"Krasen," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ta lo ń ta ọtí sílẹ̀ fún?"

"Ó dà nù ni. Ọwọ́ mi gbọ̀n."

"Ọwọ́ rẹ ò gbọ̀n," ni Vihra wí. "Mo ń wò ó. Ẹnu lè parọ́, ẹnu rẹ sì mọ̀ ọ́n pa. Ọwọ́ ni kò gbọ́ pé irọ́ la ń pa. Mo ní obìnrin yẹn wà láàyè, ọwọ́ rẹ sì ṣe ètò òkú fún un. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú kí fóònù yẹn dún. Kò sẹ́ni tó rí i ní Dobrich."

Krasen dìde. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ géètì ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ fẹ́ fi ọtí tó dà nù mú mi? Ilé ẹjọ́ á rẹ́rìn-ín yín!"

"Á rẹ́rìn-ín, o jàre. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìpolówó rẹ." Vihra gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Nígbà tí à ń dúró dè ẹ́ ni mo rí i. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lo ti gbé ilé yìí síta pé títà ló wà. Màmá ò mọ̀, àbí? O ti bá oníbàárà sọ̀rọ̀, Màmá wá pè ẹ́ ní Sátidé pé òun fẹ́ ṣe ìwé ọdún márùn-ún fún ayálégbé. Ta ló fẹ́ ra ilé tí kò lè wọ̀ fún ọdún márùn-ún? O wá bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀." Ó ka ohun tó wà lójú fóònù. "'Àjàrà, ọ̀pọ̀tọ́, òkun ní ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, yàrá abẹ́ ilé, gígùn rẹ̀ mítà mẹ́sàn-án.' Mo fẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀. Ìṣísẹ̀ ńlá márùn-ún ni, bíi mítà márùn-ún. Éjẹ́ǹtì a máa bu iyọ̀ sọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ fi okùn wọ̀n ọ́n, mo rí àwòrán rẹ̀. Mítà mẹ́rin tó kù dà?"

Krasen wo ẹnu géètì. Àwọ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Yàrá wáìnì ọ̀gá ọkọ̀!" ni Dimo pariwo. "Ẹ̀yìn àtẹ ìgò! Ogún ọdún sẹ́yìn ni mo rí i kẹ́yìn. Mo ti gbàgbé, Ọlọ́run má bínú sí mi, mo ti gbàgbé!"

*

Wọ́n sáré. Nevena gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó tẹ̀ lé wọn sọ̀ kalẹ̀. Vihra mọ ohun tí wọ́n ń lọ bá, nítorí ọwọ́ tó ta ọtí sílẹ̀ yẹn ti sọ ọ́. Ohun tó ń rò ni bí yóò ṣe dí ojú Nevena. Dimo ló kọ́kọ́ fi èjìká ti àtẹ ìgò náà. Kò mì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tì í pọ̀, ìgò ata wó lulẹ̀, ó fọ́. Ilẹ̀kùn pákó kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi irin dábùú rẹ̀ níta.

Òórùn ilẹ̀ tútù àti ìtọ̀ kọ lù wọ́n. Vihra tan iná fóònù. Àgbá wáìnì kan. Ìgò òfìfo kan. Ìgò òfìfo mìíràn, kóró èso ṣẹ́rì fọ́nká sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sálúbàtà búlúù méjì, ẹsẹ̀ sì wà nínú wọn.

Nevena ké ìbòòsí. Vihra na ọwọ́ láti bò ó lójú, ó sì dá a dúró, nítorí ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ náà mira.

"Ẹ gbé iná yẹn kúrò lójú mi," ni ohùn kan wí, ó gbẹ bí ewé. "Ta ló ń fọ́ ìgò mi?"

Orí Màmá Parashkeva ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ irun rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yí síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Ọjọ́ méjì ló fi mu omi ṣẹ́rì tó ti rọ sínú ìgò láti ìdúnta. Ó ti pariwo títí ohùn fi tán. Ó gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ lókè rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Krasen ló tì í tó fi ṣubú lórí àtẹ̀gùn abẹ́ ilé. Nígbà tó rí i pé kò mira, ó wọ́ ọ síbẹ̀, ó fa àtẹ padà, ó ju ìborí rẹ̀ sí dírọ́ọ̀mù, ó sì gbé bàtà rẹ̀ lọ sétí òkun.

Dimo ti kúnlẹ̀. Màmá wò ó.

"Dimo, ìwọ rèé," ló wí. "O ṣe wá dà bí ẹni tí adìẹ gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

*

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọkọ̀ Stamen dúró. Obìnrin kan bá a wá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, ó mú fáìlì kan dání. Raya rí bàbá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Kò sunkún. Ó kàn sáré sọ̀ kalẹ̀, ó wọ abẹ́ ẹ̀wù ìyá rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ láìmira.

"Raya, níṣó," ni Stamen wí. "Ọlọ́pàá ń bọ̀ wá mú ìyá rẹ. Mú ẹrù rẹ."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé Màmá jáde lórí ìbùsùn áńbúláǹsì. Krasen wà lẹ́nu géètì láàárín ọlọ́pàá méjì, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ̀. Bó ti fojú kan obìnrin náà, ó fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí òkú, àwọn ọlọ́pàá sì dì í mú. Màmá kò tiẹ̀ wò ó. Ọkọ̀ tó dúró níwájú ilé rẹ̀ ló ń wò.

"Ta nìyẹn?"

"Bàbá Raya ni," ni Vihra wí. "Ó wá gbé ọmọ, nítorí wọ́n ní Nevena ló pa yín."

"Ó pa mí?" Màmá na ọwọ́, ó wá ọwọ́ Nevena títí ó fi rí i. Ó yí ojú sí obìnrin onífáìlì. "Ìwọ, ọmọ ìjọba, kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé mi lọmọ yìí ń gbé. Lónìí ni mo ní kí n fọwọ́ sí ìwé fún ìyá rẹ̀. Ẹ bá mi pe lọ́yà, kó wá bá mi ní ọsibítù."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí ara yín yá ná," ni Nevena bẹ̀ ẹ́. "Egungun yín ti kán."

"Ìdí mi ló kán," ni Màmá Parashkeva wí. "Ọwọ́ mi ò kán."

Obìnrin náà pa fáìlì rẹ̀ dé. Stamen wo Vihra, ó yíjú. Ó padà wọ ọkọ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè jáde ní òpópónà tóóró náà. Nígbà tí ariwo rẹ̀ ti lọ tán níhà afárá, Nevena jókòó sílẹ̀ lójú títì bó ṣe wà, ó gbé Raya lé itan, ó sì sunkún tí kò tíì ráyè sun láti Sọ́ńdè.